Kọ́kọ́rọ́ Omi àti Lẹ́tà tí Ààrẹ Kò Kọ

Ọmọbìnrin mi àtàtà,

Mo kí ọ títí, mo sì tún kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o ń jẹun àárọ̀ kí o tó jáde, àbí o ṣì ń sáré jáde pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́ bí o ṣe máa ń ṣe nílé? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó jìnnà sílé á máa ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ kò ní da omi ìfọṣọ lé ọ lórí. Ọkọ̀ tí o fẹ́ wọ̀ kò ní kún kí o tó débẹ̀, bó bá sì ti kún, ẹnìkan á rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé, á sì sọ̀ kalẹ̀ fún ọ. Àmín.

Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyá rẹ wà ní àlàáfíà, àmọ́ ó ń bínú sí mi, màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn dúdú, ó sì máa ń wo èèyàn bí agbowó-orí. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́, kì í ṣe pé a tún un ṣe o, òjò ni kò rọ̀. Odò kékeré tí ẹ ti máa ń fọ aṣọ ti gbẹ, òkúta nìkan ló kù níbẹ̀.

Bí ìwé yìí bá gùn, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Orí ibùsùn ni mo wà ní ọsibítù, wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sókè bí aṣọ tí wọ́n sá, kò sì síbi tí mò ń lọ. Má sunkún o, má sì gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà ti ń san, inú mi sì dùn ju bó ṣe dùn lọ nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì pé. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè yé ọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú ńlá á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ààrẹ wa kí àwa tó gbọ́. Ara rẹ̀ ò yá, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gba ìtọ́jú lókè òkun, kí Ọlọ́run wò ó sàn. Kò pẹ́ tó lọ ni odò ńlá tó wà ní apá kejì orílẹ̀-èdè yìí kún àkúnya, tó sì gbá ilé lọ. Àwa níbí ń wá omi, àwọn lọ́hùn-ún ń sá fún un. Rédíò ní ogójì ọkọ̀ ẹrù tó kún fún oúnjẹ àti aṣọ ìbora ti tò sójú títì, wọn ò lè gbéra, àfi tí ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá buwọ́ lùwé. Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lórí ibùsùn. Igbákejì rẹ̀ ní òun ò lè fọwọ́ kan nǹkan kan, àfi kí Ààrẹ kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin pé kí igbákejì bá òun dì í mú ná. Ààrẹ kò kọ lẹ́tà. Àwọn tó yí i ká ní ara rẹ̀ ti ń yá, pé ó ń jẹun, pé ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi wá ń bèèrè pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ò wá lè kọ lẹ́tà ojú ìwé kan?

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni a ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́. O rántí ṣọ́ọ̀bù náà, àga kan ṣoṣo tó ń yí, dígí tó ti sán nígun, àti rédíò tí wọ́n so mọ́ fèrèsé. Ọ̀nà méjì la pín sí. Èmi ni olórí àwọn tó ní kí Ààrẹ fa àṣẹ lé igbákejì lọ́wọ́. Káfíńtà ni olórí àwọn tó ní kó má ṣe é. Káfíńtà ní òun yá aládùúgbò òun kan ní ìfági fún ọjọ́ méjì, nígbà tí yóò fi dá a padà, gbogbo ẹnu ẹ̀ ti ká, ẹni tó yá a sì ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé tòun ni. Ó ní ohun tí èèyàn bá fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, kí ó máa dágbére fún un.

Mo ní kí ó jókòó. Mo ní nígbà tí mo bá pe ọmọ mi lórí fóònù tí kò sí nítòsí, ṣé fóònù náà máa ń dákẹ́ ni? Rárá o. Obìnrin kan wà tí ọmọ mi fi síbẹ̀, tó máa ń fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó, kí n tún gbìyànjú tó bá yá. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò bínú, ohùn kan náà ló fi dá mi lóhùn. Mo máa ń gbàdúrà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àmín. Bá mi sọ fún un pé kí ó máa ṣe àmín, àdúrà gidi ni. Mo wá bi Káfíńtà pé, bí ọmọ mi tí kì í ṣe Ààrẹ bá lè fi ẹnìkan dípò ara rẹ̀ nítorí pé ó lọ wẹ̀, kí ló ṣe Ààrẹ?

Mo tún fi ti báńkì kún un. Ọjọ́ tí mo lọ gba owó ìfẹ̀yìntì mi, ọ̀gá báńkì ò tíì dé, ṣùgbọ́n ó ti gbé àṣẹ fún irin kan tó dúró lára ògiri. Irin yẹn sanwó fún mi, kò yọ ẹyọ kan, ó tún já ìwé fún mi, mo sì kí i pé ẹ ṣeun. Mo ní ẹ wo ọ̀gá tó fọkàn tán irin! Ààrẹ wa ò wá lè fọkàn tán èèyàn ẹlẹ́ran ara tí wọ́n jọ gbé àwòrán wọn sára ògiri kan náà nígbà ìbò? Onígbàjámọ̀ fi abẹ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ẹni tó ń fá lórí náà sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ààbọ̀ orí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣubú. Ṣé o mọ̀ pé ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe alága ìgbìmọ̀ omi àdúgbò wa. Ẹ̀rọ tó ń fa omi wà nínú ilé onípáànù, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọrùn mi ló sì ń gbé. Láàárọ̀ kùtù màá ṣí i, màá tan ẹ̀rọ, àwọn èèyàn á pọn omi, màá tì í padà. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ náà ni igbákejì mi. Láti ọdún mẹ́fà náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ orúkọ àwọn tó bá pẹ́ dé ìpàdé, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ gun àkàbà lọ wo bí omi ṣe kù sí nínú táǹkì. Aránṣọ ní kí n jẹ́ kí òun gùn ún, pé ara òun fúyẹ́. Mo ní iṣẹ́ alága ni. Àkàbà ò mọ̀ pé alága ni mí.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa fi nǹkan funfun rẹ́ ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri, ó ní n ò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ràn mi. Mo ránṣẹ́ pé kò sí bí mo ṣe lè rìn dé ìdí ẹ̀rọ, ọkùnrin mẹ́rin tó lágbára sì gbé àga onígbàjámọ̀ wá, èyí tó ń yí yẹn, wọ́n gbé mi lé e, wọ́n gbé mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀. Bí wọ́n bá dé ibi kọ̀rọ̀, àga náà á yí, màá kọjú sẹ́yìn, màá sì lo àǹfààní yẹn láti kí àwọn tó ń tẹ̀ lé wa. Àwọn oníbàárà onígbàjámọ̀ ń fárí lóòró títí wọ́n á fi gbé mi dé, kò sì sí ẹni tó kùn sí mi lójú.

Bí mo bá ti ti ilé ẹ̀rọ tán, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń gbé mi lọ, nítorí ibẹ̀ ni àga ń gbé, èmi náà á sì bá wọn jiyàn. Lọ́jọ́ kan rédíò tún ní ogójì ọkọ̀ náà ṣì wà lójú títì. Inú bí mi. Mo gbé ohùn sókè, mo ní ẹni tó wà lórí ibùsùn tó ṣì di àṣẹ mú gírígírí, tí àwọn èèyàn sì ń jìyà, ṣé àánú wà lọ́kàn irú ẹni bẹ́ẹ̀? Gbogbo wọn ń wo àyà mi. Mo rò pé bọ́tìnnì mi ló ṣí, mo wo ibẹ̀, kò ṣí, kọ́kọ́rọ́ omi nìkan ló wà níbẹ̀. Káfíńtà wá ní òun ti fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi báyìí, pé òun ti kúrò ní ọ̀nà kejì. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn pé mo ti borí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn kan wọ àdúgbò. Bíríkìlà tó wà lára àwọn mẹ́rin tó ń gbé mi ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọrùn ọwọ́ òun wú. Àwọn méjì tó kù, ọ̀kan ní òòyì ń kọ́ òun, èkejì kò tiẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe òun. Mo gbàdúrà fún wọn gidi. Àìsàn náà yà mí lẹ́nu, àwọn alágbára nìkan ló ń mú, àárọ̀ nìkan ló ń mú wọn, tó bá di ọ̀sán wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò rí ẹni gbé mi. Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò gbogbo ilé ti gbẹ, korobá ti tò láti ìdí ẹ̀rọ dé iwájú ilé wa, ìyàwó bíríkìlà sì ń rọbí nínú ilé tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà gan-an. Aránṣọ wọlé tọ̀ mí wá, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n dákun, kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́, pé agbẹ̀bí ń bèèrè omi. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ìgbìmọ̀ ní alága ni yóò máa ṣí i, kí wọ́n sáà wá ẹni mẹ́rin míì. Ó ní kò sí ẹni mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n wá ẹni mẹ́jọ tí agbára wọn kéré.

Ìyá rẹ lọ gbé rédíò wa láti orí tábìlì, ó gbé e lé mi láyà, ó tàn án, ó sì ká apá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní Ààrẹ kò tíì kọ lẹ́tà. Ó ní ogójì ọkọ̀ ò tíì gbéra. Ó ní àwọn tó yí Ààrẹ ká ní kí aráàlú ní sùúrù, pé ara rẹ̀ ti ń yá. Mo wo rédíò, mo wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo wo Aránṣọ lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ mi, ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ fa aṣọ bora mọ́lẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ọmọ mi ṣáà ni ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lu aago ilé ẹ̀kọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé aago oníná síbẹ̀, mo jókòó sílé mò ń retí pé yóò pẹ́ lù, kò pẹ́ lù rí. Kò sí ẹnìkan tó wá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń lù ú. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alága omi, mo tún di èèyàn. Mo wá ń rò ó pé bí omi bá lè yọ láìsí èmi, kí ló tún kù tí wọ́n máa fi kí mi láàárọ̀? Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ bẹ́ẹ̀ níṣojú Aránṣọ. Ìyá rẹ ní òun ti ń kí mi láàárọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga kankan.

Mo ní kí wọ́n gbé bébà wá, nítorí a kì í fi ẹnu lásán gbé àṣẹ kalẹ̀, rédíò ní lẹ́tà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. Mo ní èmi Alága, nítorí àìlera, fa àṣẹ omi lé Igbákejì lọ́wọ́, lórí àdéhùn mẹ́rìnlá. Èkíní, kò gbọdọ̀ ṣí i kí n tó jí. Èkejì, bí mo bá pẹ́ jí, kí ó rọra kan ilẹ̀kùn. Mo ti dé ìkẹfà nígbà tí agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé wa, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní ṣé kí òun lọ sọ fún ọmọ tó ń bọ̀ pé kó padà sẹ́yìn ná, pé Alága ṣì ń kọ̀wé?

Mo fa ìwé náà ya. Mo mú òmíràn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ṣí i. Èmi Alága. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo fi lé Aránṣọ lọ́wọ́, ó sì sáré jáde tó bẹ́ẹ̀ tí sálúbàtà rẹ̀ kan fi kù sí pálọ̀.

Kò pẹ́, mo gbọ́ ẹ̀rọ. Láti ọdún mẹ́fà n kò gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn rí, ìdí rẹ̀ ni mo máa ń wà, ariwo ló sì máa ń pa sí mi létí. Láti orí ibùsùn, ó dún dáadáa. Àwọn èèyàn hó yèè, korobá ń kan ara wọn, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun, igbe tó ní ìpinnu. Obìnrin ni, ìyá rẹ̀ sì le koko. Ẹ̀yìn tó ń ro bíríkìlà san lójú ẹsẹ̀, ó jó wọ ilé wa, ó dì mọ́ mi, ó sì jókòó lé ẹsẹ̀ mi.

Bí mo ṣe dé ọsibítù ńlá nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní gbígbé tí wọ́n ti ń gbé mi kiri lórí àga kò jẹ́ kí egungun so pọ̀ tẹ́lẹ̀, bíríkìlà wá fi ìdí rẹ̀ parí i. Ní ọsibítù wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan wà tí wọ́n ti bèèrè orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí èmi ò lè fèsì. Mo ní háà, àwọn wọ̀nyí mọ òfin o, Ààrẹ ì bá jẹ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ níbí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé Aránṣọ. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó jẹ́ sí mi, mo kọ ọ́ pé òun ló kàn lẹ́yìn mi.

Ibi tí ìbínú ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ó gbé ọṣẹ àti táwẹ́ẹ̀lì wá, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ìwé, ó ní kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, pé ẹnìkan tó ń jẹ́ Aránṣọ ni àwọn ti pè láti wá buwọ́ lùwé kí wọ́n lè fa egungun mi. Aránṣọ sì dé lóòótọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ omi sílẹ̀ lọ́wọ́ Káfíńtà fún wákàtí mẹ́ta, láìkọ lẹ́tà kankan. Káfíńtà! Omi sì yọ. Ìyá rẹ ní ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí òun ti ń fọ aṣọ mi, pé òun ni Ààrẹ ilé yìí, òun ò sì tíì fa àṣẹ lé aránṣọ kankan lọ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fa igi lé orúkọ Aránṣọ, ó kọ ti ìyá rẹ. Ìyá rẹ ṣì ń fajú ro sí mi, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá, lánàá sì ni mo rí i tó yíjú sí ògiri tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ níbí kò rọrùn. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ni mo ń bi pé ṣé omi yọ, wọ́n ní ó yọ, àyà mi á sì já, kí n má purọ́ fún ọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní Aránṣọ ti so àkísà aláràbarà mọ́ korobá kí wọ́n má bàa máa jà, pé ó ti jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà máa kọ́kọ́ pọn. Mo ní èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mi, mo sùn. Mo sùn títí oòrùn fi wọ yàrá, nọ́ọ̀sì ló jí mi, mi ò sì mọ ibi tí mo wà. Láti ọdún mẹ́fà mi ò sùn di aago méje rí. Mo rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn bí ọmọdé. Ìgbìmọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń pè mí ní Alága, mo sì dábàá pé kí alágbẹ̀dẹ rọ kọ́kọ́rọ́ kejì, kí èmi máa ṣí i lọ́sẹ̀ kan, kí Aránṣọ máa ṣí i lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n fọwọ́ sí i kí n tó sọ ọ́ tán.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Àga onígbàjámọ̀ kò yí mọ́ látàrí èmi, oníbàárà ló ń yí ara rẹ̀ báyìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún un ṣe, kí o fi ti bátìrì rédíò kún un. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi o, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tọwọ́tẹsẹ̀, kò sí ihò tí owó lè gbà jáde lára rẹ̀. Irin báńkì ni kí o fi rán, ó mọ̀ mí.

Ọlọ́run á gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ á gbọ́ orúkọ rẹ, inú rẹ̀ á dùn. Ohun tí o bá dì mú á rọrùn fún ọ láti mú, bí àsìkò bá sì tó láti fi sílẹ̀, ọwọ́ rẹ á ṣí wẹ́rẹ́. O ò ní rìn kí o kọsẹ̀, o ò ní gun àkàbà tí kò kàn ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo mọ̀ pé ìwé ìbí ọmọ ni ẹ̀ka tìrẹ ń kọ ní ọ́fíìsì ìjọba yẹn, ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ṣáà ni, bí o bá kó bébà gba ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ ọ̀nà ibi tí Ààrẹ wà, bá mi ránṣẹ́ sí i. Má bá a jiyàn, mo ti jiyàn yẹn tó. Ṣáà sọ fún un pé bàbá kan tóun náà wà lórí ibùsùn ló ní kí o kí i. Sọ fún un pé mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Sọ fún un pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló le, pé tó bá di ọjọ́ kẹta, á sùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alága Omi (ọ̀sẹ̀ tèmi ṣì ń bọ̀).